Ọmọ Ọ̀pọ̀lọ́ Tó Bá Ti Yọ Ọwọ́ Kì í Ṣe Ẹran Inú Omi Mọ́

Òjò ti dé, àwọn òbí sì tún ti ń gbé ike áísìkiriìmù wá bá mi nílé ìwòsàn ẹranko. "Dókítà, ẹ bá wa wo àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ yìí, wọ́n ń kú, ọmọ wa ò sì yéé sunkún." Mo máa ń ṣí ike kí n tó dáhùn. Omi á ti kún dé etí, búrẹ́dì á ti wú sí ìsàlẹ̀, á máa rùn. Àwọn tó kú á ti yọ tọwọ́ tẹsẹ̀, pẹ̀lú ìrù kékeré lẹ́yìn. Omi ló pa wọ́n.

Mo mọ̀ pé inú omi lẹ ti kó wọn. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń mí bí ẹja. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ń yọ. Nígbà tí ọwọ́ iwájú bá fi máa yọ, ẹ̀dọ̀fóró ti gba iṣẹ́, afẹ́fẹ́ tí èmi àti ẹ̀yin ń mí lòun náà ń wá. Bí kò bá rí ibi tí yóò gùn jáde, á lúwẹ̀ẹ́ títí á fi rẹ̀ ẹ́, á sì rì. Ẹ gbé ike dàgẹ̀rẹ̀ kí apá kan gbẹ, ẹ kó yanrìn àti òkúta síbẹ̀ kó dà bí etí odò, kẹ́ ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì bò ó. Kí ọwọ́ tó yọ ni kẹ́ ẹ ṣe é o!

Lásìkò tí ọwọ́ ń yọ gan-an, kì í jẹun. Ẹnu tó fi ń họ ewé ń yí padà di ẹnu tí ń gbé kòkòrò, ìfun rẹ̀ ń kúrú, ìrù yẹn ni ara rẹ̀ ń jẹ. Búrẹ́dì yín, omi ló ń bà jẹ́. Omi ẹ̀rọ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó sùn síta mọ́jú. Èyí tí kò tíì yọ ọwọ́ ńkọ́? Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ bíbọ̀, díẹ̀. Ó tán.

Ìyá kan tilẹ̀ ń fún tanwíjí ní ìrẹsì jẹ, ó ní ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ni. Ẹ̀fọn ló ń sìn.

Àwọn tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń ta oògùn ẹja, tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ tú kápúsù sómi. Kápúsù kì í ṣe òkúta tí ọ̀pọ̀lọ́ máa gùn. Ẹ̀yin ìyá àgbà tó ń bu iyọ̀ sí i lára, pé ayé ló rán an wá: awọ ara ló fi ń mumi, iyọ̀ á fa omi ara rẹ̀ tán. Ọmọ-ọmọ yín ló ń sìn ín, kì í ṣe ayé.

Ẹ tún má rán ọmọ wọ odò lọ kó wọn. Bàbá kan fi ẹ̀rín sọ fún mi pé ọmọkùnrin òun, tó máa ń wọ odò lọ gbọ́n ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, ti ń tọ ẹ̀jẹ̀, pé ó ti ń bàlágà nìyẹn. Bàlágà kẹ̀! Àtọ̀sí ajá ni. Kòkòrò rẹ̀ ń jáde lára ìgbín inú omi, á gba awọ wọlé láìsí egbò kankan. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel lorúkọ rẹ̀. Tí wọ́n bá pa á tì, ó lè ba àpò ìtọ̀ jẹ́. Àgbà ni kó fi asẹ́ onígi gígùn gbọ́n wọn látorí ilẹ̀ gbígbẹ. Ọmọ tó bá sì ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lónìí. Ẹ má gbé e wá bá mi, ẹranko ni mò ń wò.