Mùsíọ́mù tí yóò jọ ilẹ̀ Àkúrẹ́

Ìbéèrè: Wọ́n ní àwọn ìlú kan ń kọ́ ilé mùsíọ́mù ẹranko, ewéko àti òkúta kí ó lè jọ àyíká wọn. Ṣé kí wọ́n ya igi sára ògiri ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ní Salt Lake City ní Amẹ́ríkà, bàbà ni wọ́n fi bo ara mùsíọ́mù ìpínlẹ̀ Utah tí wọ́n ṣí ní 2011, torí pé ibi ìwakùsà bàbà ńlá kan wà nítòsí ìlú náà. Ní San Francisco, nǹkan bí 1,700,000 ewéko ìbílẹ̀ ló wà lórí òrùlé mùsíọ́mù California Academy of Sciences tí Renzo Piano yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 2008. Ewéko náà ń fa omi òjò mu, ó sì ń dín ooru kù nínú ilé.

Ìbéèrè: Ṣé àwa náà lè gbin koríko sórí òrùlé?

Ìdáhùn: Èmi ò ní gbà á níyànjú. Òjò tiwa pọ̀ ju tiwọn lọ. Òrùlé tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí etí rẹ̀ yọ síta dáadáa, ló bá wa mu.

Ìbéèrè: Kí wá ni mùsíọ́mù tiwa ní Àkúrẹ́ yóò fi hàn?

Ìdáhùn: Ẹ lọ wo ààfin àtijọ́ ti Déjì, ọba Àkúrẹ́. Àgbàlá inú rẹ̀ ju mẹ́wàá lọ, ògiri amọ̀ rẹ̀ sì nípọn. Àwọn baba wa ti borí ooru kí iná mànàmáná tó dé. Òkúta tún wà. Abẹ́ àpáta ní Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrùn, ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú egungun èèyàn tó ti ju 11,000 ọdún lọ ní 1965. Ì bá wù mí kí ẹnu ọ̀nà mùsíọ́mù náà rí bí abẹ́ àpáta yẹn: kó ṣú díẹ̀, kó tutù.

Ìdànrè sì ní irú ọ̀pọ̀lọ́ kan tí kò sí níbòmíràn lágbàáyé. Àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò tíì ní ẹsẹ̀ ń gbé lára àpáta tí omi ń ṣàn lé fẹ́ẹ́rẹ́. Nítorí náà, kí wọ́n má darí omi òjò láti orí òrùlé sí gọ́tà tààrà. Kí wọ́n jẹ́ kó ṣàn lára ògiri òkúta kan nínú àgbàlá, kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè fojú ara rẹ̀ rí irú ibùgbé tí ọ̀pọ̀lọ́ náà ń fẹ́. Bí àpáta náà bá bàjẹ́, ibo ló tún kù fún un?

Ìbéèrè: Bí afẹ́fẹ́ àti omi bá ń wọlé báyìí, ṣé ohun tí wọ́n kó síbẹ̀ kò ní bàjẹ́?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Awọ ẹranko, ìyẹ́ àti ewé gbígbẹ máa ń bu lásìkò òjò, kòkòrò sì ń jẹ wọ́n. Ibi tí èrò ti ń rìn nìkan ni kí ó ṣí sílẹ̀. Kí yàrá ìkóhunpamọ́ wà láàárín, kó pa dé, kí ògiri tó nípọn yí i ká. Ọ̀rinrin tó ń lọ sókè sódò léwu gan-an fún wọn, bẹ́ẹ̀ iná tiwa kì í dúró lójú kan. Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá dákẹ́, ògiri tó nípọn kì í jẹ́ kí ooru àti ọ̀rinrin tètè wọlé. Ilé onígíláàsì kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Owó ńkọ́?

Ìdáhùn: Amọ̀ àti òkúta kò jìnnà sí wa. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń fi amọ̀ mọ ògiri tó lè pẹ́ ni kò pọ̀ mọ́, àwọn ni kí a kọ́kọ́ wá rí, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ náà kí a tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀.