Áàpù Ní O Kùnà? Bi Í Pé Níbo

Ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tó ń fi fóònù kọ́ Yorùbá, kọ̀wé sí mi lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fa igi pupa sí i." Ó fi àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́. Gbólóhùn tó kọ ni "Bàbá mi ra ọkọ̀." Èyí tí áàpù náà ní ó tọ́ wà lábẹ́ rẹ̀: "Bàbá mi ra ọkọ̀." Mo wò ó títí, n kò rí ìyàtọ̀ kankan.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa kọ ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ èdè wò, nítorí náà mo mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Lẹ́tà tí ojú wa ń rí, nọ́ńbà ni lọ́dọ̀ kọ̀ǹpútà. Unicode sì ni ìwé orúkọ tí àwọn kọ̀ǹpútà ayé fi ń mọ nọ́ńbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń jẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé "ọ̀" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó dá jẹ́ tirẹ̀. A lè mú "ọ" tó ti ní àmì róbótó nísàlẹ̀, kí á gbé àmì ohùn lé e lórí. A tún lè mú "ò" tó ti ní àmì ohùn, kí á wá fi àmì róbótó sí i nísàlẹ̀. Àwọn kíbọ́ọ̀dù míì kì í lo àmì róbótó rárá, ìlà kékeré olóòró ni wọ́n ń fi síbẹ̀, bí a ṣe ń rí i nínú àwọn ìwé Yorùbá kan. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Unicode ní òfin tó sọ méjì àkọ́kọ́ di ọ̀kan, bí ẹni tó kọ áàpù bá rántí lò ó. Ti ìlà olóòró kò sí nínú òfin yẹn, ẹni tó bá mọ bí Yorùbá ṣe ń kọ̀wé ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sínú ètò. Ẹni tó kọ áàpù yìí kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ọmọ gba ìbéèrè, wọ́n fún un ní òdo.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń polówó fún wa pé "kọ̀ǹpútà tó gbọ́ èdè" kò gbọ́ nǹkan kan. Nọ́ńbà ló ń fi wé nọ́ńbà. PLATO, ètò ìkọ́ni tí Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1960, ti ń fi kọ̀ǹpútà kọ́ni ní èdè kí púpọ̀ nínú àwa tó ń ka èyí tó dáyé. Ó sì lè tọ́ka sí ibi tí ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ ti yà kúrò lára ti olùkọ́. Igi pupa yẹn kò tilẹ̀ ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí àwa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń pè ní NLP ("natural language processing" lédè Gẹ̀ẹ́sì) yàtọ̀. Ìyẹn ni pé kí kọ̀ǹpútà lè tú gbólóhùn palẹ̀: kó mọ ọ̀rọ̀ ìṣe, kó mọ olùwà, kó mọ àbọ̀. Ẹ jẹ́ ká ya ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kọ́ èdè Jámánì ná. Akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ sọ pé òun rí ọkùnrin náà, ó kọ "Ich sehe der Mann." Ètò kan wà tó ń jẹ́ E-Tutor, tí Trude Heift ṣe ní Yunifásítì Simon Fraser ní Kánádà. Irú ètò bẹ́ẹ̀ máa rí i pé "sehe" ń wá àbọ̀, pé "Mann" ni àbọ̀ ọ̀hún, pé "der" sì jẹ́ ti olùwà, "den" ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ohun tó máa sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kó tún wo iṣẹ́ tí "Mann" ń ṣe nínú gbólóhùn náà. Ìyẹn ti kúrò ní òdo, ó ti di ẹ̀kọ́.

Ohun tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu nígbà tí mo bá sọ ọ́ ni pé a ní láti kọ́ irú ètò yìí ní àṣìṣe. Ètò tó mọ kìkì ohun tó tọ́ máa kàn dákẹ́ ni bó bá pàdé ohun tí kò tọ́. Ìyá olóńjẹ tó ti bá àlejò pàdé rí, bí àlejò bá béèrè "ẹba" láìsí ohùn kankan lórí rẹ̀, yóò mọ̀ pé ẹ̀bà ni, yóò sì bù ú fún un. Àlejò tó ti sọ irú rẹ̀ lójú rẹ̀ ti pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ètò wa ṣe ní láti ti rí àṣìṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kó sì mọ ohun tó ń fà á.

Ẹ padà sí gbólóhùn ọmọ Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹ bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, "rà" lẹ máa bá níbẹ̀, olóhùn ìsàlẹ̀. Kí ló dé tí a fi kọ "ra ọkọ̀"? Ọ̀rọ̀ ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń di olóhùn àárín bí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. Bó bá jẹ́ arọ́pò orúkọ ló tẹ̀ lé e, ohùn rẹ̀ kì í yí padà: "mo rà á", "mo wò ó", ṣùgbọ́n "mo ra ọkọ̀", "mo wo ilé". Àwa tí wọ́n bí sí ìdí èdè yìí ń ṣe é láìmọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fara balẹ̀ wo ìwé ló máa kọ "mo rà ọkọ̀", ètò tó dára sì máa sọ ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀ fún un. Ìdánwò tí mo fi ń mọ áàpù nìyẹn: mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ kọ "mo rà ọkọ̀" sí i. Bó bá gbà á, kò mọ Yorùbá. Bó bá fa igi láìsọ ìdí, nọ́ńbà ló ń fi wé nọ́ńbà.

Àìsí àmì ohùn tún ni ọ̀ràn míì, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń kọ síra wa lórí fóònù kò ní àmì. "Igba" tí kò ní àmì lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún méjì, ó lè jẹ́ igbá tí a fi ń bu omi, igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, ìgbá tí a ń sè, tàbí ìgbà. Kọ̀ǹpútà máa wo àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká: bó bá rí "ọ̀pẹ", yóò fa ọ̀rọ̀ sí ọ̀dọ̀ igbà. Olùwádìí kan, Iroro Orife, gbé iṣẹ́ jáde ní 2018 lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá lọ́nà yìí. Àǹfààní ńlá ni fún ẹni tó ń kọ́ èdè, bó bá rántí pé àbá ni ẹ̀rọ ń dá.

Ohùn ẹnu ló le jù. Púpọ̀ nínú ọ̀nà àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ máa ń da ìlọsókè-sódò ohùn nù, torí pé lédè Gẹ̀ẹ́sì kì í sọ ọ̀rọ̀ kan di òmíràn. Fún Yorùbá, ẹran inú ọbẹ̀ ni wọ́n dà nù yẹn. Bí a bá sì kó o padà, ohùn òkè bàbá àgbàlagbà lè wà nísàlẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fi ohùn ẹnìkan wé ohùn ẹni náà fúnra rẹ̀.

Ẹ̀tàn kan wà níbí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ̀rọ tó ń kọ ohun tí a wí sílẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀rọ tó ń yẹ ohùn wò. Ẹ̀rọ akọ̀wé máa ń fi àwọn ọ̀rọ̀ yòókù rò ó. Bí ẹ bá fẹ́ ní kí wọ́n bu omi sínú igbá, tí ẹ sì pè é ní "ìgbà", ó lè kọ "igbá" síbẹ̀, inú yín á dùn pé ẹ gbà á. Ẹ pe ọ̀rọ̀ náà ní òun nìkan. Èyí tó tún dára jù ni pé kẹ́ ẹ gba ohùn yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi wé ti ẹni tó gbọ́ èdè. Ẹni tó bá sì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lè lọ ka gbólóhùn Yorùbá sí Common Voice, ìkànnì tí àjọ Mozilla ti ń kó ohùn jọ, kí ẹ̀rọ lè rí ohun kọ́.

Àwọn ẹ̀rọ afèsì bíi ChatGPT ńkọ́? Bí ẹ bá ń kọ́ Jámánì tàbí Faransé, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, ó wúlò gan-an. Ní ti Yorùbá, ìwé díẹ̀ ló kà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò sì ní àmì, bẹ́ẹ̀ ẹnu rẹ̀ dùn. N kì í gba àmì ohùn lọ́wọ́ rẹ̀ láìwo ìwé atúmọ̀ èdè.

Mo ní kí ọmọ náà pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù rẹ̀, igi pupa sì lọ. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, áàpù náà kọ́ ọ ní "Báwo ni o ṣe wà?" Ó kọ ọ́ láìṣì, ó gba ìràwọ̀ márùn-ún. Ó pe màmá rẹ̀ àgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde lórí fóònù láti fi dánrawò. Màmá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá béèrè pé, "Ta ni ò ń bá sọ̀rọ̀?"