Bí A Ṣe Ń Yan Bátìrì fún Ẹ́ńjìnnì Oníná Ọkọ̀ Ìpẹja

Ẹni tó bá fẹ́ ra bátìrì fún ẹ́ńjìnnì oníná kékeré, irú èyí tí apẹja ń so mọ́ iwájú tàbí ìdí ọkọ̀ kó lè máa yọ́ rìn lórí omi láìdẹ́rù ba ẹja, ara ẹ́ńjìnnì náà ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. Ohun tí ẹ́ńjìnnì ń jẹ ló ń sọ irú bátìrì tó lè bọ́ ọ yó.

Volt ni àkọ́kọ́. Pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń wọn agbára tí irú ẹ́ńjìnnì yìí fi ń ti ọkọ̀. Èyí tí agbára rẹ̀ kò bá ju nǹkan bíi 55 pọ́n-ùn lọ, 12 volt ló sábà máa ń lò. Èyí tó bá wà ní 70 sí 80 sábà máa ń lo 24 volt, èyí tó bá tó 100 pọ́n-ùn sókè sì sábà máa ń lo 36. Ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá kọ sí i lára ni kí a fún un, kò gba àbá. Bátìrì 12 volt méjì ni a lè so tẹ̀ léra, orí pọ́sítífù ọ̀kan mọ́ orí nẹ́gátífù èkejì, kí wọ́n di 24. Àmọ́ volt nìkan ló ròkè o, kì í ṣe Ah, ìyẹn òṣùwọ̀n iná tí bátìrì lè gbé (iye amp, bí iná ṣe ń ṣàn tó, ní ìlọ́po iye wákàtí): bátìrì 100 Ah méjì tí a so báyìí, 100 Ah náà ni wọ́n ṣì jẹ́. Bó bá jẹ́ pọ́sítífù la so mọ́ pọ́sítífù, tí nẹ́gátífù náà lọ bá nẹ́gátífù, volt á dúró síbi tó wà, Ah ni yóò di 200.

Lẹ́yìn volt, irú bátìrì ló kàn. Bátìrì tí wọ́n fi ń ta ẹ́ńjìnnì mọ́tò jí kò yẹ fún iṣẹ́ yìí rárá. Pẹlẹbẹ òjé inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, wọ́n sì pọ̀, kó lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún amp jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀; kété tí ẹ́ńjìnnì bá ti jí, òun náà á máa dá iná padà sínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì oníná kì í dá nǹkan kan padà. Ńṣe ló ń fà á díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ títí dalẹ́, bátìrì onípẹlẹbẹ fẹ́lẹ́ tí a bá sì ń fà gbẹ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ bà jẹ́. Èyí tí wọ́n kọ “deep cycle” sí lára, ìyẹn èyí tí a lè máa lò jìnnà kí a tó tún un ṣáàjì, ni ká wá: pẹlẹbẹ tirẹ̀ nípọn. Kí ọ̀rọ̀ “marine” (ti ojú omi) nìkan má tàn wá jẹ, nítorí ọ̀pọ̀ bátìrì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe láti jí ẹ́ńjìnnì.

Ibi tí ìṣirò ti ń já ènìyàn kulẹ̀ jù ni Ah. Ẹ́ńjìnnì 55 pọ́n-ùn máa ń fa nǹkan bí amp 50 bó bá ń sá eré àsápajúdé. Ó dà bíi pé bátìrì 100 Ah á gbé e fún wákàtí méjì. Kò lè gbé e tó bẹ́ẹ̀. Wákàtí 20 ni wọ́n sábà fi ń wọn Ah bátìrì olójé: amp 5 ni wọ́n ń fà lára rẹ̀ fún wákàtí 20 kí wọ́n tó kọ 100 sí i lára. Bí a bá ń fà á kíákíá, ásíìdì inú rẹ̀ kì í ráyè wọ inú pẹlẹbẹ dáadáa, nítorí náà iná tó máa jáde á kéré sí ohun tí wọ́n kọ. Bátìrì olójé kò sì fẹ́ kí a lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kó tó tún padà sídìí ṣáájà, bí a bá fẹ́ kó pẹ́. Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tí a pè ní wákàtí méjì lè má pé wákàtí kan.

Ó dára pé kò sẹ́ni tó ń fi àsápajúdé pẹja. Bí eré bá dín kù sí ìdajì, ohun tí ẹ́ńjìnnì ń jẹ á já wálẹ̀ ju ìdajì lọ fíìfíì, torí bí ọkọ̀ bá ṣe ń yára sí i ni omi ń ta kò ó sí i. Ẹ́ńjìnnì tí eré rẹ̀ kò ní ìpele pàtó ló ń jẹ àǹfààní yìí jù. Èyí tó ní ìpele márùn-ún sábà máa ń sọ díẹ̀ nínú iná di ooru lásán nígbà tó bá ń rìn jẹ́jẹ́.

Fún àpẹẹrẹ, ká ní ẹ́ńjìnnì yóò máa fa amp 15 ní ìpíndọ́gba fún wákàtí márùn-ún: 75 Ah nìyẹn. Fún bátìrì olójé, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ìyẹn 150 Ah. Fún ti lithium, 100 Ah ti tó, torí a lè lo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ láìṣe é níbi.

Nínú àwọn olójé, èyí tí a ń bu omi sí ló wọ́n kéré jù lówó, ṣùgbọ́n omi tí kò ní èròjà kankan ló ń mu, ó sì ń tú gáàsì tó lè gbiná nígbà tí a bá ń ṣáàjì rẹ̀, kò gbọdọ̀ wà níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé. AGM, èyí tí ásíìdì rẹ̀ wà nínú òwú dígí, kò bèèrè omi, ìgbì kò sì tètè mì ín bà jẹ́. Gel, èyí tí ásíìdì rẹ̀ ki, tún wà, àmọ́ tí ṣáájà bá fún un ní iná àfúnjù, ọgbẹ́ tó ń dá sí i nínú kì í san.

Lithium ni ó dára jù fún ọkọ̀ kékeré, bí owó bá wà. Bátìrì olójé 100 Ah súnmọ́ 30 kìlógíráàmù. Ti lithium kò ju nǹkan bíi 12 lọ. Fún ẹ́ńjìnnì 36 volt, tó ń lo bátìrì 12 volt mẹ́ta, ìyàtọ̀ yẹn ju ìwúwo ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Volt lithium kì í rọ̀ bí iná ṣe ń tán, nítorí náà eré ọkọ̀ kì í dẹ̀ bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn nínú rẹ̀ náà ló léwu: kò ní fi àárẹ̀ hàn, ẹ̀rọ ìṣọ́ inú rẹ̀ á kàn já iná lójijì, ọkọ̀ á sì dúró láàárín omi. Wíwo volt kò tó láti mọ ohun tó kù nínú rẹ̀. Ti olójé ni volt ń tú àṣírí rẹ̀: lẹ́yìn tó bá ti sinmi fún wákàtí díẹ̀, 12.7 túmọ̀ sí pé ó kún, bíi 12.2 sì ni ìdajì. Lithium tún fẹ́ ṣáájà tirẹ̀, a kì í sì í ṣáàjì rẹ̀ níbi tí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ òdo lórí ìwọ̀n Celsius.

Bátìrì tí a bá máa so pọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà, Ah kan náà, ọjọ́ orí kan náà. Bí ogbó bá wà láàárín wọn, òun ni yóò kọ́kọ́ gbẹ, àwọn yòókù á sì máa fà á lọ sínú ìparun. Wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ máa ń gbóná, ó sì ń jẹ volt lójú ọ̀nà, torí náà bí wáyà bá ṣe gùn tó ni kó ṣe nípọn tó. Ẹ̀gbẹ́ bátìrì gan-an ni bíréékà, ohun tó ń já iná bó bá pọ̀ jù, ń gbé, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì.

Ọjọ́ tí a bá lo bátìrì olójé náà ni kí a ṣáàjì rẹ̀. Tí a bá fi sílẹ̀ láìkún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iyọ̀ funfun á dì mọ́ pẹlẹbẹ òjé inú rẹ̀, á le, Ah rẹ̀ á sì máa dín kù láìpariwo.