Bí a ṣe ń fi résìn tẹ lẹ́tà wínníwínní sára àwòṣe

Nínú àwòṣe ibùdókọ̀ ojú irin Abẹ́òkúta tí a ṣe ní ìwọ̀n 1:87, ògiri àti òrùlé kì í mú wàhálà púpọ̀ wá. Orúkọ ìlú tó wà lójú pátákó ni iṣẹ́ wà. Lẹ́tà tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10 lójú ayé yóò di nǹkan bíi mìlímítà 1.15, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ ta yọ lójú pátákó débi pé òjìji rẹ̀ yóò hàn.

Résìn jẹ́ olómi tó máa ń le nígbà tí ìtànṣán ultraviolet bá kàn án. Inú ọpọ́n ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde ní ìpele-ìpele, ni wọ́n ń dà á sí. Fíìmù tó mọ́ gaara ni ìsàlẹ̀ ọpọ́n náà, síkírìnì wà lábẹ́ fíìmù, iná sì wà lábẹ́ síkírìnì. Ẹni tó bá ti dúró wo àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ní Ìtòkú ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ yìí: níbi tí ẹ̀kọ bá ti bo aṣọ, aró kò ní ráyè wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni síkírìnì ń dí iná níbi tí kò yẹ kó dé, tó sì ń ṣí ọ̀nà fún un níbi tí lẹ́tà wà, kí résìn ibẹ̀ lè le mọ́ pẹpẹ irin tó rì sínú ọpọ́n láti òkè. Pẹpẹ á gbéra díẹ̀, ìpele mìíràn á tẹ̀ lé e. Ìpele kan sábà máa ń nípọn tó mìlímítà 0.05, ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta sì sábà máa ń tó o.

Píksẹ́lì, ìyẹn àwọn ojú kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán, ni síkírìnì fi ń yàwòrán. Bí ọ̀kan bá fẹ̀ tó mìlímítà 0.05, ìlà lẹ́tà tí kò bá tó píksẹ́lì mẹ́ta kò ṣeé gbára lé. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n ABẸ́ÒKÚTA ru àmì ohùn mẹ́ta lórí, ó tún ní àmì kan lábẹ́ Ẹ. Bí a bá fi àmì abẹ́ yìí sílẹ̀ bó ṣe wà nínú kọ̀ǹpútà, iná tó ń ṣẹ́ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò mú un lẹ̀ mọ́ ìdí lẹ́tà, Ẹ á wá dà bí ẹni tó ní ìrù. Ó dára kí a sọ ọ́ di mìlímítà 0.2 ó kéré tán, kí a sì fà á jìnnà sí lẹ́tà ní ìwọ̀n kan náà. (Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ pátákó gidi nílùú kò ní àmì kankan; ẹni tó ń ṣe àwòṣe irú wọn bọ́ lọ́wọ́ ìyọnu yìí.)

Kí a tó tẹ odindi, pátákó kékeré mẹ́ta tí àkókò iná wọn yàtọ̀ síra ni a máa ń kọ́kọ́ dán wò, kí a sì fi awò yẹ inú B wò. Bí ihò méjèèjì inú rẹ̀ bá ti dí, iná ti pẹ́ jù. Bí àmì abẹ́ Ẹ bá jábọ́, iná kò pẹ́ tó.

Ẹ̀yìn pátákó ni kó kọjú sí pẹpẹ irin, nítorí àwọn ìpele àkọ́kọ́ máa ń gba iná pẹ́ gan-an, wọ́n sì máa ń fẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, lẹ́tà tó ta yọ ní mìlímítà 0.15 á jẹ́ ìpele mẹ́ta tó kẹ́yìn pátápátá. Ẹni tí kò ní inverter ní láti rántí èyí: bí iná bá lọ nígbà tí iṣẹ́ ń parí lọ, pátákó tó mọ́ lóló, tí kò ní orúkọ, ni yóò bá lórí pẹpẹ. Ní àárọ̀ ọyẹ́, résìn máa ń ki, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Oòrùn ọ̀sán pẹ̀lú ní ìtànṣán yìí, nítorí náà kí ìgò résìn má ṣe gbé ojú fèrèsé.

Pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ni a fi ń fọ pátákó nínú ọtí isopropyl, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, nítorí résìn tútù tó bá kù sínú B yóò le síbẹ̀ títí láé nígbà tí a bá gbé e sí iná ultraviolet ìkẹyìn tó ń mú pátákó le tán. Lẹ́yìn náà, ọ̀dà dúdú fẹ́lẹ́ ni a ń fi kun gbogbo rẹ̀. Bó bá gbẹ, a ó fi búrọ́ọ̀ṣì tí ọ̀dà funfun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀ ra ojú lẹ́tà gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, kó kan kìkì ohun tó ta yọ. Bí àmì abẹ́ Ẹ bá gba funfun náà, pátákó ti tó gbé kọ́.