Ibi Tí Géèmù Ti Ń Há: Kí A Tó Náwó Lé Kọ̀ǹpútà Àtijọ́ Lórí

Ọ̀pọ̀ èèyàn tí kọ̀ǹpútà wọn ti ń darúgbó, tí géèmù tuntun ò sáré lórí rẹ̀ mọ́, GPU (káàdì tó ń ya àwòrán) ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sá lọ rà. Nígbà mìíràn, ó máa ń bọ́ sí i. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, owó á wọgbó, géèmù á sì máa wọ́ bó ṣe ń wọ́ tẹ́lẹ̀. Káàdì náà kọ́ ló jẹ̀bi. Bí fírémù kan, ìyẹn ẹyọ àwòrán kan nínú èyí tí géèmù ń fi hàn léraléra, ṣe ń dé ojú kọ̀ǹpútà ni kò yé ẹni tó rà á.

Ọwọ́ méjì ni fírémù kọ̀ọ̀kan ń gbà kọjá. CPU, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló ń ṣírò ibi tí ọ̀tá dúró sí, bóyá ọta ìbọn bà á tàbí kò bà á, ọ̀nà tí ògiri tó wó máa gbà ṣubú. Lẹ́yìn náà ni yóò to àṣẹ sílẹ̀ fún GPU: ya èyí síbí, ya ìyẹn sọ́hùn-ún. GPU á wá kun gbogbo pixel, ìyẹn àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Ẹni tó bá fẹ́ fírémù 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ń béèrè pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan parí láàárín mílísẹ́kọ̀ńdì (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá) 16.7. Ẹni tó fẹ́ 144 ò ní tó mílísẹ́kọ̀ńdì 7.

Ohun tó dùn mọ́ni jù níbẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì kì í ṣiṣẹ́ tẹ̀ léra bí ẹni pé ọ̀kan ń jókòó de èkejì. Bí GPU ṣe ń ya fírémù kan lọ́wọ́, CPU ti ń ṣírò èyí tó tẹ̀lé e. Nítorí náà, a kì í ro àkókò wọn pọ̀. Èyí tó pẹ́ jù ló ń pinnu. Bí CPU bá ń lo mílísẹ́kọ̀ńdì 20, tí GPU ń lo 9, fírémù 50 ni yóò jáde. Ẹ ra GPU tuntun tó ń lo mílísẹ́kọ̀ńdì 5, fírémù 50 náà ni.

Ẹ wo ilé ìránṣọ tí ẹnì kan ti ń gé aṣọ, tí ẹnì kejì ń rán an. Bí agéṣọ bá ń gé ẹ̀wù 50 lóòjọ́, tí a wá gbé maṣíìnì tó lè rán 200 fún aránṣọ, ẹ̀wù 50 ni yóò ṣì jáde, aránṣọ á kàn ráyè sùn ni. Wàyí o, ká ní àwọn oníbàárà ní kí wọ́n kó iṣẹ́ ọnà sára ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Gígé ò yí padà, rírán ló di iṣẹ́ ńlá. Ohun tí resolution (iye pixel tó wà nínú àwòrán) tó ga ń ṣe nìyẹn: láti 1920×1080 sí 3840×2160, pixel di ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n iye ọ̀tá tí CPU ń ṣírò ò fi ẹyọ kan lé sí i. Ká tún ní ẹ̀wù ọmọ ọwọ́ ni wọ́n gbé wá, kéékèèké, ọgọ́rùn-ún ọ̀nà, tí kò sí ọnà kankan lára wọn. Agéṣọ ló máa láàgùn. Irú géèmù bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ọmọ ogun ẹgbẹ̀rún kan ti ń jà lẹ́ẹ̀kan náà tàbí tí ìlú ńlá kan kún fún èrò. Kọ̀ǹpútà kan náà ni, ibi tó há ló yí padà.

Ìdí nìyí tí àwọn ojúlé tó ń ṣírò bottleneck (ibi tó há) fi ń bíni nínú. Èèyàn á yan orúkọ CPU, á yan orúkọ GPU, wọ́n á sì fún un ní iye kan nínú ọgọ́rùn-ún (%) bí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Nọ́ńbà kan ṣoṣo fún gbogbo géèmù, fún gbogbo ibi téèyàn lè dé nínú wọn! Nínú géèmù kan náà, ẹni tó kọjú sí ògiri nínú yàrá lè máa dúró de GPU. Bó bá jáde sáàárín ọjà, CPU ló kù tó ń dúró dè. Kò sì sí kọ̀ǹpútà tí kò ní ibi tó há. Bí kò bá há níbì kankan, fírémù ò ní lóǹkà.

Àyẹ̀wò tòótọ́ ò gba owó. Ẹ kọ́kọ́ pa VSync (ètò tó ń so iye fírémù mọ́ eré ojú kọ̀ǹpútà) àti ohunkóhun tó ń dín fírémù kù, kó má baà jẹ́ pé òun ló so géèmù mọ́ 60. Ẹ lọ síbi tí géèmù ti máa ń wọ́ jù, kí ẹ wo iye fírémù, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ resolution kalẹ̀ láti 1920×1080 sí 1280×720. Pixel á já wálẹ̀ láti 2,073,600 sí 921,600. Bí fírémù bá fò sókè, GPU ni ìṣòro. Bí kò bá kúrò lójú kan, ẹ fi owó GPU sápò.

Ẹnì kan á ní Task Manager, ètò Windows tó ń fi bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, ti sọ fún òun pé 30% péré ni CPU òun ń lò, pé kò lè jẹ́ CPU ló há. Ó lè jẹ́ CPU dáadáa. Lórí CPU tó ní thread (ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà lọ lẹ́ẹ̀kan náà) mẹ́jọ, bí thread kan ṣoṣo bá ṣiṣẹ́ dé góńgó tí àwọn yòókù ń sinmi, 12.5% ni yóò hàn lápapọ̀. Ọ̀pọ̀ géèmù sì ní thread àgbà kan tó ń gbé ẹrù tí kò ṣeé pín.

Bí CPU bá ni, RAM (ìrántí tí dátà ń dúró sí nígbà tí kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́) ló yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí CPU máa ń fi àkókò púpọ̀ dúró de dátà. RAM DDR4 tí wọ́n kọ 3200 sí lára sábà máa ń sáré ní 2133 tàbí 2400 títí ẹnì kan fi máa wọ inú BIOS (ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà) lọ tan XMP (ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí i lára). Ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀pá RAM kan ní 3200 ń gbé 25.6 GB láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Méjì nínú ihò tó yẹ ń gbé 51.2. SSD (ibi ìpamọ́ tó yára) ò ní fi fírémù kún un, àmọ́ ó ń dín ìdúró kù nígbà tí géèmù bá ń ṣí, ó sì ń dín ìtagìrì kù nínú géèmù tí ayé rẹ̀ fẹ̀. Eruku? Ẹ gbọ̀n ọ́n, CPU tó gbóná jù máa ń dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀.

Bó bá wá jẹ́ GPU lóòótọ́, ọ̀fìn kan wà níbẹ̀. Radeon RX 6500 XT, GPU AMD kan tó jáde ní oṣù January 2022, ní ìrántí 4 GB péré, ọ̀nà PCIe (ojú ọ̀nà tí dátà ń gbà láàárín káàdì àti kọ̀ǹpútà) mẹ́rin ló sì fi ń bá motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́) sọ̀rọ̀. Lórí PCIe 4.0, nǹkan bí 8 GB ló ń gba ibẹ̀ kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lórí PCIe 3.0, ó di ìdajì. Bí 4 GB yẹn bá kún, dátà á bẹ̀rẹ̀ sí gba ojú ọ̀nà tóóró yẹn lọ sínú RAM, géèmù á sì máa ta gìrì. Ẹni tí motherboard rẹ̀ ti pẹ́, tí owó rẹ̀ ò pọ̀, ni irú káàdì bẹ́ẹ̀ ń fa ojú rẹ̀ mọ́ra jù. Òun náà ló sì máa jìyà rẹ̀. Àlòkù RX 580 ti ọdún 2017, tó ní 8 GB àti ọ̀nà 16, lè dára ju bẹ́ẹ̀ lọ fún un, bí power supply (àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà) bá lè gbé e: ihò motherboard ń fúnni ní wáàtì 75, okùn pin mẹ́fà ń fi 75 kún un, ti pin mẹ́jọ ń fi 150 kún un. GPU Intel Arc náà nílò Resizable BAR (ètò tó ń jẹ́ kí CPU dé gbogbo ìrántí GPU lẹ́ẹ̀kan) kó tó lè ṣiṣẹ́ dáadáa, èyí tí ọ̀pọ̀ motherboard àtijọ́ ò ní.

Ní ti pípààrọ̀ CPU, orí ìran tí motherboard bá wá ló kù. Ní 2017, Intel gbé CPU ìran kẹjọ jáde lórí LGA1151 (orúkọ ihò tí CPU ń wọ̀), orúkọ kan náà pẹ̀lú ti ìran kẹfà àti keje, síbẹ̀ kò bá motherboard wọn ṣiṣẹ́. AM4, ihò CPU ti AMD, ṣe ohun tó bọ́gbọ́n mu jù: ọ̀pọ̀ motherboard tó gba Ryzen àkọ́kọ́ ní 2017 ló lè gba Ryzen 7 5800X3D ti 2022, tó ní cache L3 (ìrántí kékeré tó wà nínú CPU fúnra rẹ̀) tó tó 96 MB, kó má baà máa sáré lọ bá RAM nígbà gbogbo. Àmọ́ ẹ fi BIOS tuntun sí i nígbà tí CPU àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Bí motherboard ò bá dá CPU tuntun mọ̀, ojú kọ̀ǹpútà á dúdú kalẹ̀ ni.