Bí A Ṣe Ń Palẹ̀ Ọ́ìlì àti Omi Ọkọ̀ Àlòkù Mọ́ Nílé Láìba Ilẹ̀ àti Omi Jẹ́

Ọ́ìlì tí a tú kúrò nínú ẹ́ńjìnnì kò tíì kú. Ó kàn dọ̀tí ni. Ohun tó sọ ọ́ di kọ̀ńdẹ́ḿ ni èérí dúdú tí epo tó jóná fi sílẹ̀, omi díẹ̀, àti ẹ̀rún irin tí ojú kò lè rí, tó ń họ kúrò lára ẹ́ńjìnnì bí irin ṣe ń ha irin. Bí ilé iṣẹ́ tó ń tún un fọ̀ bá yọ ìwọ̀nyí kúrò, ó tún di ọ́ìlì tuntun. Nínú nǹkan bíi lítà 4 kọ̀ńdẹ́ḿ ọ́ìlì, a lè rí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tuntun tó lé díẹ̀ ní lítà 2. Kí a tó rí ìwọ̀n kan náà láti inú epo rọ̀bì, a ó nílò nǹkan bíi lítà 160. Ohun tó ń sọ ọ́ di ègbin tí kò ní àtúnṣe mọ́ ni pé kí a da nǹkan mìíràn mọ́ ọn, tàbí kí a dà á sílẹ̀.

Gọ́tà kò ní asẹ́. Ohun tí a bá dà síbẹ̀ ni òjò máa gbé dé odò bó ṣe rí gan-an. Àjọ EPA tó ń mójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà sọ pé gálọ́ọ̀nù kan ọ́ìlì àlòkù lè ba omi mímu tó tó mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù jẹ́. Lójú omi, ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí awọ, kò sì ní í jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé fún ẹja. Nínú ilẹ̀, ó máa ń rìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan omi kànga. Àwọn kan máa ń fi kun igi, wọ́n máa ń dà á lé ikán tàbí koríko lórí, àwọn mìíràn sì máa ń fi dáná. Iná kì í jó òjé inú rẹ̀ run. Èéfín ló máa bá lọ, ẹni tó dúró tì í ló sì máa fà á símú. Èyí tí a dà sílẹ̀ ń kọ́? Òjé kì í jẹrà, ibẹ̀ náà ló máa wà.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí a bá ń tú ọ́ìlì. Kí a tan ẹ́ńjìnnì fún bí ìṣẹ́jú 5, kí a pa á, kí a sì dúró bí ìṣẹ́jú 15. Ọ́ìlì tó lọ́wọ́ọ́wọ́ máa ń ṣàn dáadáa, ó sì máa ń kó ìdọ̀tí jáde. Èyí tó gbóná janjan máa bó èèyàn lára. Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà. Bí a bá fi jáàkì gbé e, kí a fi ìdúró irin tì í lábẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ rẹ̀, nítorí jáàkì lè yẹ̀ nígbàkígbà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré máa ń gba ọ́ìlì lítà 4 sí 5, nítorí náà abọ́ tó lè gba lítà 8 ó kéré tán ló yẹ, kí ó má bàa kún dé etí. Nígbà tí nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ bá kọ́kọ́ tú, ọ́ìlì kì í ro sísàlẹ̀ tààrà; ó máa ń ta síwájú. Bó bá ti ń dínkù ni yóò máa padà sábẹ́ ihò. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ta ọ́ìlì sílẹ̀ nìyí: wọ́n gbé abọ́ sábẹ́ ihò gan-an. Kí a wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, nítorí nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe lára èkúté, ọ́ìlì àlòkù tó ń kan awọ lemọ́lemọ́ fa jẹjẹrẹ awọ.

Fílítà ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, ọ́ìlì tó wà nínú rẹ̀ kò sì kéré. Ọ̀pọ̀ ló ní rọ́bà kan lẹ́nu tó máa ń dá ọ́ìlì dúró kí ó má padà sẹ́yìn, nítorí náà dída ojú rẹ̀ délẹ̀ nìkan kò tó. Kí a fi ìṣó tó nípọn lu ihò sí ìdí rẹ̀ tó rí róbótó, kí atẹ́gùn lè wọlé, kí ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ nígbà tí a bá ń ṣe é, kí a sì fi í sílẹ̀ lórí abọ́ fún wákàtí 12 ó kéré tán. Lẹ́yìn èyí, a ó dì í sínú nylon, òun àti ọ́ìlì á jọ lọ. Irin ni ara rẹ̀, wọ́n lè yọ́ ọ.

Kẹ́ẹ̀gì tí ọ́ìlì tuntun wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló dára jù láti dá a padà sí. Kí a fi àrọ dà á, kí a fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lókè, kí a dé e pa, kí a sì kọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ọjọ́ sára rẹ̀. Ike omi mímu kò yẹ rárá, nítorí ọmọdé lè gbé e mu. Ike bílíìṣì burú ní ọ̀nà mìíràn: klórìn tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè jẹ́ kí wọ́n kọ gbogbo ọ́ìlì náà. Ní Amẹ́ríkà, bí irú kẹ́míkà yìí bá ju ìpín 1 nínú 1,000 lọ nínú ọ́ìlì, òfin máa ń kà á sí ègbin eléwu àyàfi tí a bá fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣíbí tíì kan omi ìfọ-bíréèkì tó ní klórìn ti tó láti kọjá ìlà yìí nínú lítà 4 ọ́ìlì. Ọ́ìlì jíà, ọ́ìlì jíà ọkọ̀ ọ̀tọmátíìkì àti ọ́ìlì ìdarí ọkọ̀ (ti páwà sítíárì) sábà máa ń lè bá ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì gbé inú kẹ́ẹ̀gì kan náà, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ bi ẹni tó máa gbà á. Bẹntiróòlù ní tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ọ́ìlì kì í tètè gbaná, àfi bó bá gbóná gan-an. Bí bẹntiróòlù bá wọ̀ ọ́, iná kékeré ti tó láti mú kẹ́ẹ̀gì náà bú gbàù.

Omi radiétọ̀ aláwọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní kúláǹtì, ló yẹ kí a bẹ̀rù jù nínú gbogbo wọn. Ethylene glycol tó wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń dùn lẹ́nu, nítorí náà ajá, ológbò àti ọmọdé kì í bẹ̀rù rẹ̀. Nǹkan bíi ṣíbí tíì kan èyí tí a kò tíì po omi mọ́ lè pa ológbò. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń sọ ọ́ di ásíìdì, ásíìdì náà á sì di ẹ̀rún ṣóńṣó tó ń dí kíndìnrín pa. Ẹni tó bá mu ún máa kọ́kọ́ ṣe bí ọ̀mùtí, ó sì lè dà bíi pé ara ti ń yá, nígbà tí kíndìnrín ń bàjẹ́ lọ. Oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tètè lò ó ló máa ń ṣiṣẹ́. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni, kí a má ṣe dúró wò ó.

Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá kí a tó ṣí ìdérí radiétọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi gbígbóná máa tú jáde lójijì. Omi tí a fi ṣan radiétọ̀ lẹ́yìn náà ṣì jẹ́ kúláǹtì: kí a gba òun náà sínú abọ́. Irú tí wọ́n fi propylene glycol ṣe kì í ní oró tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun, àmọ́ bó bá ti pẹ́ nínú ọkọ̀, òjé àti bàbà á ti wọnú rẹ̀. Èyíkéyìí nínú wọn kò gbọ́dọ̀ wọ sokawé, torí ó lè pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí ibẹ̀.

Omi bíréèkì kì í pọ̀, ó sábà máa ń dín sí lítà kan. Ó máa ń fa omi láti inú atẹ́gùn, nítorí náà èyí tó ti pẹ́ nínú agolo ṣíṣí kò tún ṣeé lò. Ó máa ń bó ọ̀dà ọkọ̀. Bó bá ta sí i, kí a fi omi ṣàn án kíákíá. Bí ó bá pàdé klórìn tí a fi ń tọ́jú omi ìlúwẹ̀ẹ́, ó lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná, nítorí náà kí a má ṣe dà á sínú ike tí nǹkan bẹ́ẹ̀ ti wà rí.

Ásíìdì bátìrì kò yẹ kí a dà jáde rárá. Kí bátìrì dúró ṣánṣán nínú abọ́ ike, kí a gbé e lọ fún ẹni tó ń ra àlòkù tàbí ẹni tó ń ta tuntun. Gáàsì AC náà, ẹni tó ní ẹ̀rọ ìfàgáàsì nìkan ló yẹ kó fọwọ́ kàn án: kìlógíráàmù kan R-134a, irú gáàsì kan tó wà nínú AC ọ̀pọ̀ ọkọ̀, tó bá jáde sínú afẹ́fẹ́ máa ń mú ayé gbóná láàárín 100 ọdún bíi kìlógíráàmù 1,430 kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì.

Bí ọ́ìlì bá ta sílẹ̀, kí a da ìyẹ̀ pákó tàbí iyanrìn gbígbẹ bò ó, kí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó lè fà á mu, kí a gbá a, kí a tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọṣẹ àti omi kọ́ ni ìdáhùn. Ọṣẹ kàn máa ń fọ́ ọ́ìlì sí wẹ́wẹ́ ni, á sì tún lè rìn jìnnà sí i. Ìyẹ̀ tó ti mu ọ́ìlì máa wọ nylon, kí a gbé e jìnnà sí iná, kí ó sì bá ọ́ìlì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba ègbin.

Ẹni tó ń gbà á lè jẹ́ mẹkáníìkì tó ní dúróòmù, ilé ìtajà ẹ̀yà ọkọ̀, tàbí ibi tí ìjọba ìbílẹ̀ ti ń gba ègbin eléwu. Kí a kọ́kọ́ bi wọ́n iye lítà tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀kan, àti ibi tí wọ́n ń kó o lọ. Nínú ọkọ̀, kí kẹ́ẹ̀gì dúró ṣánṣán nínú abọ́ fífẹ̀, kí a sì ṣí fèrèsé. Bí ọ́ìlì kan bá ti dàpọ̀ mọ́ kúláǹtì tàbí omi bíréèkì, kí a yà á sọ́tọ̀, kí a kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó ti dàpọ̀, kí a sì sọ fún ẹni tó ń gbà á. Kí a má ṣe rọra dà á mọ́ èyí tó mọ́ láti fi pamọ́: dúróòmù tí wọ́n máa dà á sí ní ọ́ìlì ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú, kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo sì tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.