Ìwé àṣẹ onídùúró: ohun tí ó jẹ́, àti bí iléeṣẹ́ ṣe ń pa á mọ́

Ìwé kan wà tí iléeṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ Home Office, ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ físà, kí ó tó lè mú òṣìṣẹ́ wọlé láti òkè òkun lórí físà iṣẹ́. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n wà níbẹ̀ ń pè é ní "láísẹ́ńsì sípọ́ńsọ̀", èyí tí kò ju Gẹ̀ẹ́sì tí a fi àmì ohùn sí lórí lọ. Àwọn tí wọ́n fẹ́ fi Yorùbá pè é wá sọ ọ́ di "ìwé àṣẹ agbátẹrù", èyí sì ni ó ń bí mi nínú jù, nítorí pé ti àkọ́kọ́ kò sọ nǹkan kan fún wa, ṣùgbọ́n agbátẹrù ń ṣini lọ́nà. Orí rédíò ni a ti mọ agbátẹrù: òun ni oníṣòwò tí ó sanwó kí ètò lè lọ sórí afẹ́fẹ́. Bí ó bá ti sanwó tán, kò sí ohun tí ó tún kàn án mọ́. Òṣìṣẹ́ tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yóò gbà pé iléeṣẹ́ ti ṣe tirẹ̀ tán lọ́jọ́ tí físà jáde. Ọ̀gá iléeṣẹ́ náà yóò gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, èrò yẹn gan-an ni ó sì ń ba ìwé àṣẹ jẹ́.

Ìwé àṣẹ onídùúró ni mo ń pè é, mo sì ní ìdí. Ẹ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní kóòtù nígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ dúró fún ẹlòmíràn. Wọn yóò kọ́kọ́ béèrè pé ta ni ìwọ gan-an, níbo ni ilé rẹ wà, iṣẹ́ wo ni o ń ṣe. Bí ìdáhùn bá tẹ́ wọn lọ́rùn, onídùúró yóò fọwọ́ sí i pé òun mọ ibi tí ẹni náà ń gbé, òun yóò sì mú un wá nígbà tí wọ́n bá béèrè rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ẹni tí ó dúró fún bá kó kúrò nílé tí a kò sì rí i mọ́, onídùúró ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wá sọ, kì í ṣe pé kí ó jókòó títí wọn yóò fi wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó lè má ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ kankan fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá dákẹ́, ìdúró rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni iléeṣẹ́ rí níwájú Home Office. Wọn yóò kọ́kọ́ yẹ ẹ́ wò, yóò wá fọwọ́ sí ìwé tí gbogbo ènìyàn ń pè ní CoS (Certificate of Sponsorship), ìyẹn ẹ̀rí pé òun dúró fún òṣìṣẹ́ kan, fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni yóò sì máa sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bi í.

Àwọn kan ti bá mi jiyàn pé ọ̀rọ̀ náà ń rùn àgọ́ ọlọ́pàá, pé nọ́ọ̀sì tí ó fi ẹ̀tọ́ gba físà kì í ṣe ọ̀daràn tí a gba béèlì rẹ̀. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún òṣìṣẹ́ wú mi lórí, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kò ní kí a fi orúkọ tí ó dùn létí bo ohun tí ó wà nílẹ̀ mọ́lẹ̀. Òfin náà kò sọ pé òṣìṣẹ́ jẹ̀bi. Ohun tí ó sọ ni pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí ìjọba lè bi léèrè nípa rẹ̀, iléeṣẹ́ sì ni ẹni náà. Àwọn tí wọ́n ń lo "onígbọ̀wọ́" sún mọ́ òtítọ́ ju ti agbátẹrù lọ, n kò sì ní bá wọn jà púpọ̀. Síbẹ̀, onígbọ̀wọ́ owó lè sùn títí di ọjọ́ tí ẹni tí ó jẹ gbèsè bá kọ̀ láti san án. Iléeṣẹ́ tí à ń sọ yìí kò ní irú oorun bẹ́ẹ̀: kódà bí wọ́n bá gbé òṣìṣẹ́ lọ sí ẹ̀ka ìlú mìíràn nítorí pé ó mọ iṣẹ́, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ ròyìn pé ibi iṣẹ́ rẹ̀ ti yí padà.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó yẹ kí a kọ̀ sílẹ̀ ni "sísọ ìwé àṣẹ dọ̀tun", tí àwọn mìíràn ń pè ní "ríníú". Ó ní ìgbà tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún 4 ni ìwé náà ń lò, lẹ́yìn èyí ni iléeṣẹ́ yóò tún tọrọ rẹ̀, yóò sì tún sanwó. Ìjọba fòpin sí i ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2024: gbogbo ìwé àṣẹ tí ọjọ́ rẹ̀ ìbá pé ní ọjọ́ náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ọdún 10 kún, láìsí fọ́ọ̀mù, láìsí owó. Síbẹ̀ mo ṣì ń rí àlàyé tí ó ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń "ríníú" ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin. Ohun tí a ń ṣe báyìí ni pípa ìwé náà mọ́, bí a ṣe ń sọ pé ènìyàn pa òfin mọ́ tàbí pa májẹ̀mú mọ́. N kò fi ọ̀rọ̀ ṣeré lórí èyí, nítorí pé nígbà tí ọdún mẹ́rin wà, ó kéré tán ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọ̀gá yóò ṣí fáìlì wò tipátipá. Ọjọ́ náà kò sí mọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀gá sì ti gbàgbé ibi tí fáìlì wà. (Iye CoS tí wọ́n ń fún iléeṣẹ́ lọ́dọọdún, èyí tí ó ń parí ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹ má ṣe pè é ní ìsọdọ̀tun ìwé àṣẹ.)

Pípa á mọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá kan gbọ́dọ̀ wà tí ọ̀rọ̀ gbígba àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Òun ni ìjọba ń pè ní Authorising Officer. Ẹnì kan tún gbọ́dọ̀ wà tí ń wọ SMS, ìyẹn ojú òpó tí a fi ń ròyìn fún Home Office. Level 1 User ni wọ́n ń pè é. Ẹyọ ènìyàn kan lè ṣe méjèèjì, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kékeré ti ń ṣubú nìyí: jíjẹ́ Authorising Officer nìkan kò fún ènìyàn ní ọ̀nà láti wọ SMS. Bí obìnrin tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ bá kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé òun nìkan ni Level 1 User, ọ̀gá yóò jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ìròyìn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ ń lọ, kò sì rí ẹnu tí yóò fi sọ ọ́. Kò gbọdọ̀ lo páásìwọ́ọ̀dù tí obìnrin náà kọ sórí bébà fún un, nítorí pé yíyá ẹlòmíràn ní páásìwọ́ọ̀dù SMS lòdì sí òfin ìwé náà. Iléeṣẹ́ tí ó gbọ́n a máa ní Level 1 User tí ó ju ẹyọ kan lọ.

Ìròyìn tí ó bá kan òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ 10. Èyí tí ó kan iléeṣẹ́ fúnra rẹ̀ sábà máa ń ní 20. Bí òṣìṣẹ́ kò bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lásìkò, bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, bí wọ́n bá dá a dúró, bí owó oṣù rẹ̀ bá dín kù, tàbí bí kò bá wá síbi iṣẹ́ fún ohun tí ó ju ọjọ́ iṣẹ́ 10 léraléra lọ láìgba àyè, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ti àìwá síbi iṣẹ́ yìí ni ó ń mú àwọn olójú àánú. Òṣìṣẹ́ gba àyè láti lọ wo ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá, ó ní òun yóò padà ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé kọjá, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ọ̀gá rẹ̀ ní kí àwọn ṣe sùúrù, nítorí pé ẹni tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn ni. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ó wọ ẹ̀kẹta, kò sí ẹni tí ó ti kọ nǹkan kan sínú SMS. Kò sí ibi tí òfin ti ní kí wọ́n lé òṣìṣẹ́ náà. Ohun tí ó béèrè ni kí wọ́n sọ pé kò sí níbi iṣẹ́, kí ọjọ́ iṣẹ́ 10 mìíràn tó pé.

Ní ti iléeṣẹ́, ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì ló wọ́pọ̀ jù. Wọ́n kó ọ́fíìsì láti òpópónà kan sí èkejì; báǹkì mọ̀, àwọn oníbàárà mọ̀, Companies House, ọ́fíìsì ìjọba tí ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, pàápàá ti kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀gá sì gbà pé ìjọba ti gbọ́. Ohun tí a sọ fún Companies House kò bọ́ sí SMS. Olùbẹ̀wò Home Office, tí ó ní ẹ̀tọ́ láti wá láìsọ tẹ́lẹ̀, yóò dé àdírẹ́sì àtijọ́, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun kò bá iléeṣẹ́ níbi tí ó sọ pé ó wà. Bí iléeṣẹ́ bá sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìwé àṣẹ kì í bá a lọ: ẹni tí ó rà á gbọ́dọ̀ tọrọ tirẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 20, àyàfi tí ó bá ti ní ọ̀kan tẹ́lẹ̀. Ní ti fáìlì, ẹ̀dà ìwé ìrìnnà, ẹ̀rí ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù tí kò tíì yí padà, ìwé àdéhùn iṣẹ́, àkọsílẹ̀ owó oṣù àti ti àìwá síbi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí olùbẹ̀wò bá béèrè.

Ìjìyà rẹ̀ ní ìpele. Wọ́n lè já iléeṣẹ́ láti ipò A sí ipò B tí ó rẹlẹ̀ sí i, kí wọ́n sì fún un ní ètò àtúnṣe tí yóò sanwó fún. Títí yóò fi padà sí ipò A, kò ní lè fún òṣìṣẹ́ tuntun ní CoS. Wọ́n lè so ìwé àṣẹ rọ̀, kí iléeṣẹ́ fi ọjọ́ iṣẹ́ 20 fèsì. "Dá dúró" tí àwọn kan ń lò fún èyí kò dára, nítorí pé ẹni tí ó bá gbọ́ pé wọ́n "dá onídùúró dúró" lè má mọ̀ bóyá wọ́n gbé e ró ni tàbí wọ́n ká a lọ́wọ́ kò. Wọ́n sì lè wọ́gi lé e pátápátá, ó sì máa ń tó oṣù 12, ó kéré tán, kí iléeṣẹ́ tó tún lè tọrọ òmíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ ni èyí ń dùn jù. Wọn yóò sábà gé físà wọn kù sí ọjọ́ 60, kí wọ́n fi wá onídùúró mìíràn tàbí kí wọ́n kúrò ní ìlú, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ohun tí iléeṣẹ́ kùnà láti sọ. Láti oṣù keje ọdún 2022 títí di oṣù kejìlá ọdún 2024, ìwé àṣẹ tí ó ju 470 lọ ni ìjọba wọ́gi lé ní ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn arúgbó àti aláìlera nìkan, àwọn òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà sì kàn lé ní 39,000.

Òṣìṣẹ́ kò lè wọ SMS, ṣùgbọ́n Home Office ń gbé orúkọ gbogbo onídùúró jáde lórí GOV.UK, ojú òpó ìjọba, ẹnikẹ́ni sì lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ iléeṣẹ́, ìlú tí ó wà, irú físà tí ó lè dúró fún àti ipò rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Ipò A ni kí ẹ wá. Wọ́n ń tún àkójọ náà ṣe lemọ́lemọ́, nítorí náà, ẹni tí ó wò ó kí ó tó fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ tún un wò kí ó tó sanwó físà.